Bí A Ṣe Ń Mọ Iṣẹ́ Oògùn Adènà Ẹ́ńsáímù Nínú Ojú àti Iṣan Alátọ̀gbẹ

Bí ẹnì kan nínú ilé yín bá ní àtọ̀gbẹ, tí ará ilé kan tí ó wà ní ìdálẹ̀ sì fi páálí oògùn ránṣẹ́ sí i pé yóò dáàbò bo ojú àti ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ má ṣe kọ́kọ́ wo iye tí wọ́n rà á. Ẹ yọ ìwé pélébé tí wọ́n ká sínú páálí náà, kí ẹ sì wá ọ̀rọ̀ Faransé kan nínú rẹ̀, èyí tí í ṣe inhibiteur. Adènà ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí. Orúkọ tí ó bá tẹ̀ lé e ni orúkọ ohun tí oògùn náà ń dènà, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà, nítorí pé adènà pọ̀ nínú oògùn tí àwọn alátọ̀gbẹ ń lò, iṣẹ́ ọ̀kan kò sì jọ ti èkejì.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò ìyá mi níbí ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, ni ó jẹ́ kí n máa kọ́kọ́ sọ èyí fún ẹnikẹ́ni tí ó bá bi mí. Wọ́n bá a ra oògùn kan láti òdìkejì ẹnubodè, ẹni tí ó tà á sì ní adènà ṣúgà ni. Ó gbà pé bí nǹkan bá ti ń dènà ṣúgà, kí ni òun tún ń fi metformin, oògùn tí ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ tí òun ti ń lò, ṣe? Ó pa metformin tì. Nígbà tí a fi gbé e lọ ṣe àyẹ̀wò, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga púpọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù mẹ́ta nínú lítà kan. Oògùn náà kì í ṣe ayédèrú o. Ohun tí ó ń dènà ni kò yé ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ẹ́ńsáímù ni èròjà tí ara fi ń sọ nǹkan kan di òmíràn. Oògùn adènà a máa lọ jókòó sára ẹ́ńsáímù kan pàtó, kò sì ní jẹ́ kí ó rí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Bí ẹ bá rí inhibiteur de l'enzyme de conversion, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni, a sì máa dáàbò bo kíndìnrín alátọ̀gbẹ pẹ̀lú. Bí ẹ bá rí inhibiteur de l'alpha-glucosidase, inú ìfun ni iṣẹ́ rẹ̀ wà: kì í jẹ́ kí àkàsà àti gàrí tí a jẹ tètè di ṣúgà, acarbose sì ni a mọ̀ jù nínú wọn. Inhibiteur de la DPP-4 ń dáàbò bo èròjà kan tí ara fi ń rán ínsúlíìnì jáde lẹ́yìn oúnjẹ. Méjì tí ó kẹ́yìn yìí ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ inhibiteur de l'aldose réductase ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ mọ̀ pé kò ní dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù rárá. Ohun tí ṣúgà ń dà nígbà tí ó bá ti wọ inú ojú àti iṣan ìmọ̀lára, ìyẹn iṣan tí ń jíṣẹ́ ìmọ̀lára nínú ara, tán ni ó ń bá jà. Òun ni ó wà nínú páálí àbúrò ìyá mi, òun náà sì ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Kí ó tó lè yé yín, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ìdí tí ojú àti iṣan fi ń jìyà ju ẹran ara lọ nígbà tí ṣúgà bá pọ̀. Ẹni tí ó bá ti dé Kétu mọ Akàbà Ìdènà. Láyé ìgbà tí odi àti yàrà yí ìlú ká, ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ gba ẹnu ọ̀nà náà, bí àwọn oníbodè kò bá sì ṣílẹ̀kùn, ìta ni yóò sùn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹran ara àti ọ̀rá ṣe rí sí ṣúgà: ínsúlíìnì ni oníbodè, bí kò bá sí níbẹ̀ tàbí tí wọn kò bá gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ṣúgà tí yóò ráyè wọlé. Dígí inú ẹyinjú, awọ tín-ín-rín ẹ̀yìn ojú tí ń gba àwòrán, àti iṣan ìmọ̀lára kò ní irú odi bẹ́ẹ̀. Bí abà inú oko ni wọ́n rí. Bí èrò bá ti pọ̀ tó lójú ọ̀nà ni èrò yóò ṣe pọ̀ tó ní àgbàlá wọn. Nígbà tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, ti inú wọn náà yóò gòkè tẹ̀ lé e, wọn kò sì ní ohun tí wọ́n lè fi lé e padà.

Kí ni ṣúgà náà ń ṣe nígbà tí ó bá kún inú wọn? Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ yóò gba ọ̀nà tí ó máa ń gbà, ìyẹn ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì, àwọn ẹyọ wẹ́wẹ́ tí a fi mọ ara wa, fi ń sọ ọ́ di agbára. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àbùjá kan wà, ẹ́ńsáímù tí ń jẹ́ aldose reductase ni ó sì wà ní ẹnu rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ṣúgà bá wà ní ìwọ̀n tí ó yẹ, ẹ́ńsáímù yìí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ṣúgà mú, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kò mú ṣinṣin, àyàfi tí ó bá pọ̀ ní sàkáání rẹ̀. Nígbà tí ṣúgà bá kún bò ó ni yóò wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní pẹrẹu, tí yóò máa sọ ṣúgà di ohun tí a ń pè ní sorbitol. Nínú dígí ojú tí ṣúgà pọ̀ nínú rẹ̀ gidigidi, ohun tí ń gba ọ̀nà àbùjá yìí lè tó ìdá kan nínú mẹ́ta ṣúgà tí sẹ́ẹ̀lì ń lò. Ẹ́ńsáímù kejì, sorbitol dehydrogenase, ni ó máa ń sọ sorbitol di fructose, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tirẹ̀ falẹ̀, sorbitol sì ń kó jọ.

Ìyọnu sorbitol nínú dígí ojú ni pé kò mọ ọ̀nà àbájáde. Awọ ara sẹ́ẹ̀lì kì í jẹ́ kí ó kọjá bọ̀rọ̀, níbi tí ó bá sì kó jọ sí, omi a máa tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá fẹ́ fi han àgbàlagbà kan nínú ilé, ẹ gé ìbẹ́pẹ pẹlẹbẹ sínú àwo, ẹ bu ṣúgà lé e lórí, ẹ fi sílẹ̀ fún ìwọ̀n wákàtí kan. Omi tí ẹ óò rí nínú àwo náà, ṣúgà ni ó fà á jáde láti inú ìbẹ́pẹ. Nínú ojú, inú sẹ́ẹ̀lì ni sorbitol wà, nítorí náà inú ni ó ń fa omi sí. Àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí dígí náà fi ṣe ara rẹ̀ yóò wú, wọn yóò ya, dígí tí ó mọ́ gaara yóò sì ṣú, èyí tí àwọn dókítà wa ń pè ní cataracte.

Ruth van Heyningen ni ó kọ́kọ́ rí sorbitol nínú dígí ojú àwọn eku tí ó ní àtọ̀gbẹ, ní ọdún 1959, ní Oxford. Lẹ́yìn rẹ̀, Jin Kinoshita ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé ọ̀rọ̀ omi tí mo sọ yìí. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà ni ti eku àti ẹlírí. Bí a bá mú kí eku ní àtọ̀gbẹ nínú ilé ìwádìí, ojú rẹ̀ yóò ṣú láìpẹ́. Bí a bá ṣe ẹlírí bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ kì í tètè ṣú, bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀ ga gan-an, nítorí pé aldose reductase tí ó wà nínú dígí ojú ẹlírí kéré púpọ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ sì fi ẹ́ńsáímù náà kún ti ojú ẹlírí, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú bíi ti eku. Ibẹ̀ ni ó ti hàn gbangba pé ṣúgà nìkan kọ́. Ẹ́ńsáímù tí ó gbà á wọlé ní ipa tirẹ̀.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ omi yìí tí ó lè dá owó yín padà sápò. Nígbà tí ṣúgà alátọ̀gbẹ bá lọ sókè tàbí tí ó wálẹ̀ lójijì, omi inú dígí ojú rẹ̀ yóò yí padà, ìríran rẹ̀ yóò sì máa ṣe bàìbàì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń sáré lọ ra awò ojú ní àkókò náà, nígbà tí yóò sì fi di oṣù méjì, awò náà kò bá ojú mu mọ́. Ẹ jẹ́ kí ṣúgà wà lójú kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó wọn ojú rẹ̀ fún awò.

Ti iṣan ìmọ̀lára ṣòro díẹ̀, ó sì gba sùúrù. Omi kọ́ ni olórí ìṣòro níbẹ̀. Ẹ wò ó bí ẹni pé sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní àpò owó kan ṣoṣo tí gbogbo ará ilé ń ná. Owó inú àpò náà ni NADPH. Aldose reductase kò lè sọ ṣúgà kan di sorbitol láì ná owó yìí, bẹ́ẹ̀ sì ni owó yìí kan náà ni sẹ́ẹ̀lì fi ń tún glutathione ṣe, ìyẹn èròjà tí kò ń jẹ́ kí inú sẹ́ẹ̀lì dípẹtà. Nígbà tí ṣúgà bá kún ilé, aldose reductase á ná àpò náà gbẹ, glutathione á dínkù, ìpẹtà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ iṣan àti àwọn ìṣàn ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ń bọ́ ọ. Yàtọ̀ sí èyí, bí sorbitol ṣe ń kó jọ nínú iṣan ni èròjà mìíràn tí ń jẹ́ myo-inositol ń dínkù, èyí sì ń dá kún bí iṣẹ́ ẹ̀rọ kékeré tí ń ti iyọ̀ jáde nínú iṣan ṣe ń rọ. Iṣan tí kò lè ti iyọ̀ jáde dáadáa kò lè jíṣẹ́ kíákíá. Àwọn dókítà lè fi ẹ̀rọ wọn eré tí iṣẹ́ fi ń sáré lórí iṣan, ti alátọ̀gbẹ tí kò tọ́jú ara rẹ̀ a sì máa falẹ̀.

Iṣan tí ó gùn jù ni ó ń kọ́kọ́ bàjẹ́, èyí tí ó ti ẹ̀yìn lọ dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí alátọ̀gbẹ fi máa ń sọ pé ó ń ṣe òun bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀ nígbà tí kò wọ nǹkan kan, tàbí pé ẹsẹ̀ òun ń jó òun bí iná lóru. Àwọn ènìyàn wa máa ń pe èyí ní làkúrègbé. Kì í ṣe làkúrègbé.

Nígbà tí gbogbo èyí ti hàn, ohun tí ó yẹ kí a ṣe dà bí ohun tí kò ṣòro: kí a dí ẹnu ọ̀nà àbùjá náà. Ẹ kíyè sí i pé ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́ ni mo sọ. Àwọn kan gbìyànjú láti dí ti ẹ̀ẹ̀kejì, sorbitol dehydrogenase, lára eku, sorbitol sì pọ̀ sí i nítorí pé ọ̀nà àbájáde rẹ̀ ti dí, iṣan tí ń ṣàkóso inú ara wọn kò sì rí àǹfààní kankan níbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé oògùn òun ń dènà ẹ́ńsáímù ọ̀nà sorbitol, ẹ bi í pé èwo nínú méjèèjì?

Lára eku, dídí ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́ ṣiṣẹ́ dáadáa. Lára ènìyàn, ìtàn náà korò. Wọ́n dán oògùn kan tí ń jẹ́ sorbinil wò lára 497 alátọ̀gbẹ tí ń lo ínsúlíìnì, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1990: awọ ẹ̀yìn ojú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn tí wọ́n fún ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú, bẹ́ẹ̀ ara nǹkan bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ó lo sorbinil kọ̀ ọ́, ibà àti ara sísú sì dé. Òmíràn, tolrestat, dé ọjà ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, ṣùgbọ́n ó ba ẹ̀dọ̀ àwọn kan jẹ́ títí dé ojú ikú, wọ́n sì kó o kúrò lọ́jà ní 1996. Epalrestat ni èyí tí ó dúró. Ilẹ̀ Japan fọwọ́ sí i ní 1992, àwọn dókítà ń lò ó ní Íńdíà àti Ṣáínà pẹ̀lú, mílígíráàmù 50 ni ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, kí a tó jẹun.

Mo rí i pé ohun tí àwọn olùtajà kì í sọ nípa epalrestat ni ó ṣe pàtàkì jù. Ní Japan, wọ́n tẹ̀ lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ alátọ̀gbẹ fún ọdún mẹ́ta, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2006. Iṣan ọwọ́ àwọn tí ó lo oògùn náà kò falẹ̀ tó ti àwọn tí kò lò ó. Àmọ́ àwọn tí ó jàǹfààní jù ni àwọn tí ṣúgà wọn wà ní ìwọ̀n tí ó dára, tí ojú àti kíndìnrín wọn kò sì tíì bàjẹ́ púpọ̀. Oògùn náà kò jí iṣan tí ó ti kú dìde. Ó dín ìbàjẹ́ kù lára ẹni tí ó ti ń tọ́jú ara rẹ̀. Ẹ fi èyí wé ohun tí ṣíṣàkóso ṣúgà nìkan ṣe nínú ìwádìí ńlá Amẹ́ríkà àti Kánádà tí ó parí ní 1993, pẹ̀lú 1,441 alátọ̀gbẹ tí ń lo ínsúlíìnì: àwọn tí kò tíì ní àrùn ojú nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ewu rẹ̀ fi ìdá 76 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù lára àwọn tí ó ṣàkóso ṣúgà wọn gírígírí, ti iṣan sì dínkù pẹ̀lú ìdá 60. Kò sí oògùn adènà aldose reductase kankan tí ó tíì súnmọ́ ìyẹn.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòroó rí. Ṣúgà tí ó pọ̀ kì í gba ọ̀nà kan ṣoṣo bà wá jẹ́. Ó ń lẹ̀ mọ́ èròjà inú ara bí ìgbà tí oyin bá ta sí aṣọ, ó sì ń rú àwọn nǹkan mìíràn sókè nínú ìṣàn ẹ̀jẹ̀, tí dídí ọ̀nà sorbitol kò kàn. Bákan náà, aldose reductase kì í ṣe ọ̀tá pátápátá: ó ń bá sẹ́ẹ̀lì kó àwọn májèlé kan kúrò, nítorí náà kò dára kí a dí i pa.

Níbo ni kí ẹ wá ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé àyẹ̀wò. Ní orílẹ̀-èdè wa, gíráàmù nínú lítà ni ilé àyẹ̀wò fi ń kọ glycémie, ìyẹn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá tó 1,26 láàárọ̀ kí a tó fi nǹkan kan ẹnu, tí ó sì tún bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì, àtọ̀gbẹ ni. Ẹ̀rọ kékeré tí a ń rà láti Nàìjíríà lè kọ 126, ohun kan náà ni, ẹ kàn pín in sí ọ̀nà 100. Òmíràn lè kọ 7, èyí tí ó ní mmol/l lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ fi 0,18 sọ ọ́ di púpọ̀, yóò padà di 1,26. Mo ti rí bàbá kan tí ó yọ̀ nítorí pé ẹ̀rọ tuntun rẹ̀ kọ 14, ó rò pé ó ti wálẹ̀ láti 250. Iye kan náà ni. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin lọ́dún, ẹ ní kí wọ́n yẹ hémoglobine glyquée wò, èyí tí ń sọ bí ṣúgà ṣe rí fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí kí ó dín díẹ̀ ni a ń lépa fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, dókítà sì lè fi àyè sílẹ̀ fún àgbàlagbà.

Lẹ́yìn èyí, ojú. Ẹ béèrè fún fond d'œil, ìyẹn àyẹ̀wò awọ ẹ̀yìn ojú, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, bí ojú kò tilẹ̀ dun aláìsàn, nítorí pé awọ ẹ̀yìn ojú lè ti bàjẹ́ jìnnà kí ìríran tó dínkù. Ó lè gba pé kí ẹ wọ ọkọ̀ láti Kétu gba Ìpóbẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́ kí ẹ tó rí oníṣègùn ojú. Ẹ má jẹ́ kí aláìsàn fúnra rẹ̀ wa alùpùpù padà lọ́jọ́ náà, nítorí oògùn tí wọ́n ń kán sójú yóò mú kí ìmọ́lẹ̀ máa tàn sí i lójú. Bí ṣúgà bá ti ga fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí dókítà sì fẹ́ mú un wálẹ̀ kíákíá, kí wọ́n kọ́kọ́ wo ojú náà, torí pé nígbà mìíràn ó máa ń burú díẹ̀ kí ó tó sàn. Ti ẹsẹ̀ kò gba owó: ẹ máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ọmọ ìka lálaalẹ́, kí aláìsàn má sì yáná ẹsẹ̀ nígbà ọyẹ́, nítorí iná lè jó o kí ó má mọ̀.

Nígbà tí gbogbo èyí bá wà nílẹ̀ ni a tó lè máa sọ̀rọ̀ epalrestat. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ gbé páálí náà gan-an lọ bá dókítà, kí ẹ má fi ẹnu ròyìn rẹ̀, kí ẹ sì kó gbogbo oògùn yòókù dání. Ẹ bi í bóyá kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ẹ̀dọ̀ wò, àti ìgbà tí wọn yóò tún un yẹ̀ wò. Kí metformin tàbí ínsúlíìnì má dúró lọ́jọ́ kan nítorí rẹ̀. Ní ti àlùbọ́sà àti àwọn ewé tí wọ́n ń sọ pé ó ń dènà ẹ́ńsáímù yìí, òótọ́ ni pé quercetin inú àlùbọ́sà dènà rẹ̀ nínú ìgò àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n inú ìgò kọ́ ni ojú wa wà. Ẹ máa fi àlùbọ́sà se ọbẹ̀.

Epalrestat a máa sọ ìtọ̀ di pupa rúsúrúsú tàbí àwọ̀ yẹ́lò tí ó ṣú, èyí sì máa ń já àwọn ènìyàn láyà pé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ dé. Ẹ mú aláìsàn jáde sí ìmọ́lẹ̀ oòrùn, kí ẹ wo funfun ẹyinjú rẹ̀. Bí ó bá funfun gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀, tí ara kò yún un, tí oúnjẹ sì ń lọ lẹ́nu rẹ̀, àwọ̀ oògùn ni. Bí funfun ojú náà bá ti di yẹ́lò, kí ó má lo èyí tí ó kàn mọ́, kí ẹ sì gbé òun àti páálí náà lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.